Wáyà Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wa

"Panu dé. Rọra mí." Bàbá fi íáfóònù dúdú náà bò mí létí. Ó ń rùn fún tábà àti òróró ìpara. Nǹkan ń ha ṣàà nínú rẹ̀ bí ẹni ń yan ẹ̀pà nínú iyanrìn, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan: kúkúrú, gígùn, kúkúrú.

"Ṣé wo gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ta ni?"

"Pápákọ̀ òfurufú ló ń pe orúkọ ara ẹ̀ fáwọn bàálù. Kì í ṣẹni tí mò ń wá."

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Aládùúgbò wa ni ní Ìkẹ́nnẹ́, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fi ìka tẹ wáyà, àmì kúkúrú àti gígùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, títí irun rẹ̀ fi funfun. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ibi iṣẹ́, tó ti padà sí abúlé rẹ̀ lókè Ọya, ló ń dán ìgbì rédíò gígùn wò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò lè gbé ọ̀rọ̀ wọn débẹ̀.

"Ìgbì kúkúrú a máa fò," ló máa ń sọ fún mi. "Gígùn ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nílẹ̀. Kò kọ òkè, kò kọ odò."

Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ wáyà gbọọrọ tí ẹ̀rọ á fi máa gbọ́ ọ. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀, ó gba orí igi obì, ó la ẹ̀yìnkùlé wa kọjá lọ sórí igi ọsàn wa. Màmá mi máa ń bi í bóyá ìlú Ìpara ni wáyà náà ń lọ. Ẹ̀rín ni Bàbá máa ń fi dá a lóhùn.

Lọ́dún tí mo pé mẹ́wàá, lẹ́tà dé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọ̀rẹ́ náà, ẹnu rẹ̀ ti kú, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù. Fóònù kò tíì dé abúlé yẹn. Ká tiẹ̀ ní ó dé, kí ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ó kọ ọ́ gátagàta pé bí ọyẹ́ bá mú, tí àrá ti sinmi, òun á máa fi ẹ̀rọ náà pe Bàbá láràárọ̀. Ó fẹ́ kí Bàbá gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í pè, okùn ìsáṣọ wa kún. Mo gun àga, mo fa wáyà Bàbá wálẹ̀, mo sì sá kúbùsù tó ṣì ń kán tótó sí i. Mo gbọ́ nǹkan kan tó ró kẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo tètè ká a kúrò. Rọ́bà wáyà náà kò já, mo bá ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Láràárọ̀ ni Bàbá ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, tíì rẹ̀ á tutù. Pápákọ̀ tó wà nítòsí ṣì ń wọlé, ìyẹn ni Bàbá kò fi fura sí wáyà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó bọ́ íáfóònù sílẹ̀.

"Ọwọ́ ọ̀hún náà ti kú," ló wí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé bàbá àwọn ti kú. Ó ní láràárọ̀ ló ń tẹ wáyà, títí tí kò fi lè dìde mọ́. Gbogbo ohun tó ń kọ sínú ìwé fún wọn kò ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: ṣé ọ̀rẹ́ òun ń bínú sí òun ni, tí kò fi dá òun lóhùn?

Bàbá sọkún níwájú wa láìbojú. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tọ wáyà láti igi dé igi. Nígbà tó débi tó rọ̀, ó dúró.

"Rọ́bà ò já, inú ẹ̀ ló já," ló wí. "Ó ti gbó. Ta ni ì bá mọ̀?"

Mo mọ̀. Mo dúró tì í níbẹ̀, mo sì dákẹ́.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bímọ, ojú ṣì ń tì mí. Kò sí ẹni tí mo lè lọ bẹ̀. Ọ̀kan kú, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ń bínú. Èkejì kú, ó rò pé wáyà ló gbó. Èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.