Wáyà Mẹ́rin Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kò sẹ́ni tí kò mọ Alábẹ́rẹ́ ládùúgbò, aránṣọ tó lè wò ọ́ lókèèrè kó sì gé aṣọ tó máa bá ọ mu láì wọ̀n ọ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ló fi ra ọkọ̀ rẹ̀, àlòkù pupa kan tó ti ráyé ju òun alára lọ. Ẹ má fi ọkọ̀ yẹn ṣeré lójú rẹ̀ o. Ẹni tó bú u, ọmọ rẹ̀ ló bú.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì, ní ọkọ̀ ti kú, ìsìnkú ló kù, òun á sì mú àwọn tó ń ra irin àlòkù wá láàárọ̀ Sátidé. Alábẹ́rẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ni pé bí ọkọ̀ bá ṣì ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa wọ́ ọ lọ.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló sọ fún un pé pílọ́ọ̀gì àti wáyà tó ń gbé iná lọ bá wọn ló ti gbó. Ó ra mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n ní kó pe mẹkáníìkì, ó ní kí ni mẹkáníìkì fi ń ṣiṣẹ́ bí kò ṣe ọwọ́, ọwọ́ òun náà sì rèé.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aránṣọ tó bá fẹ́ tún aṣọ rán, gbogbo rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí lẹ́sẹ̀. Ó tú àwọn pílọ́ọ̀gì, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi ọwọ́ yí àwọn tuntun wọlé jẹ́jẹ́, kó tó wá fi sípánà fún wọn. Ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé wáyà tuntun, kò mọ èyí tó ń lọ síbo mọ́. Ó méfò. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó dún gbàù, ọmọ aládùúgbò sì ta jí, ó fi igbe ta. Alábẹ́rẹ́ yára pa ọkọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, àwọn onírin tẹ̀ lé e. Ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, ṣé aṣọ lo pe èyí ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó là á lójú. Aṣọ tí ènìyàn bá wọ̀ pẹ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kì í gbàgbé ibi tí apá ti ń tẹ̀. Ó yọ àwọn wáyà tuntun kúrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn àtijọ́ nílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gan mọ́ bó ṣe ń tẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ó yí àkọ́kọ́ síwá sẹ́yìn títí tó fi jókòó fúnra rẹ̀ láìfagbára, orí rẹ̀ bọ́ síbi tirẹ̀, ìdí rẹ̀ bọ́ síbi tirẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń fi tuntun rọ́pò.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó ní kí àwọn onírin máa lọ. Ó wá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ni Alábẹ́rẹ́ wí, “ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Èmi ni màá wà á.”

Àgbà awakọ̀ jókòó bí èrò. Orí Alábẹ́rẹ́ wú. Wọn ò tíì dé ìkóríta tí ẹ̀gbọ́n fi sọ gíláàsì kalẹ̀, tó yọ orí síta sí ẹni tó ń kí wọn.

“Àbúrò mi ló tún un ṣe o. Kò pe mẹkáníìkì kankan.”

Ó tún sọ ọ́ fún ẹni kejì, àti ẹni kẹta tí kò tilẹ̀ kí wọn. Alábẹ́rẹ́ kàn rọra ń wa ọkọ̀ náà lọ, kí ẹ̀gbọ́n lè ráyè sọ ọ́ dé gbogbo ojúlé.