Ọjọ́ tí Wọn Kò Ki Ẹsẹ̀ Mi Bọ Iná

Ọjọ́ tí wárápá gbé mi ṣánlẹ̀ nídìí kòkó tí a ń sá ní Aramọkọ, ní kékeré mi, kété lẹ́yìn òmìnira, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Bí mo ṣe lajú, ìyá àgbà mi ń fà mí lọ sídìí ààrò láti ki ẹsẹ̀ mi bọ iná, kí n lè jí dáadáa.

Ìyàwó olówó tó ń ra kòkó wa kígbe pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá!”

“Ìyá Bọ́sẹ̀, sún sẹ́yìn, á ràn ẹ́ o!”

“Òun náà ló ń ṣe Bọ́sẹ̀ mi. Oògùn ọsibítù ló ń lò.”

Mọ́tò ọkọ rẹ̀ ló gbé mi dé ọsibítù ní Iléṣà.

Ẹsẹ̀ mi kò jóná, mo dúpẹ́. Àwọn tí tiwọn jóná ládùúgbò wa kò gbọ́ rí pé oògùn wà.