Omi Ọmú Tí Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Dà Nù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì ní Mowe. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo wa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, kò sí kọ́sítọ́mà tó lè fọ̀rọ̀ borí mi. Àmọ́ ẹ gbé mi síwájú ìyá ọkọ mi, kíá ni màá dákẹ́ bí ẹni tó fomi sẹ́nu!

Oṣù ọmọ náà ò tíì pé dáadáa tó fi dé. Obìnrin ni, ó sì kéré gan-an. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní kílínììkì àdúgbò ní kí a ṣọ́ra gidi, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó àrùn. Ẹ̀rù bà mí. Ìgbẹ́ gbuuru ti fojú ọmọ mi àkọ́kọ́ rí màbo ní ọ̀sẹ̀ tá a bí i, mi ò sì fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi ti Ifọ̀ wá bá wa ní kílínììkì. Màmá gbé ọmọ jó, wọ́n kì í, wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ abọ́ kékeré kan nínú báàgì, wọ́n ní kí n fún ọmú mi síbẹ̀. Kí ló dé? Wọ́n ní omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n bí ìyeyè yẹn, ó ti pẹ́ jù nínú ọmú, ó ti bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta la máa fi dà á nù títí funfun á fi dé, kí ọmọ máa mu omi gúlúkóòsì ná. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ti àkọ́kọ́.

Ṣé mo lè ní rárá? Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi nígbà oyún pé n kò gbọ́dọ̀ dà á nù. Mo mọ̀ ọ́n! Síbẹ̀ mo gba abọ́, mò ń fún un, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí inú mi ti ń bàjẹ́ tó.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì bá wa. Mo rò pé á jágbe mọ́ wa. Ó kàn kúnlẹ̀ kí Màmá ni, kò sì dìde. Ó bi wọ́n pé bí eruku bá kó sí wọn lójú, kí lojú máa ń ṣe. Màmá ní ó máa ń ṣomi. Nọ́ọ̀sì ní omijé yẹn kì í ṣomi lásán, púrótíìnì kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ó wà nínú itọ́, ó wà nínú ikun imú pàápàá. Èmi tí mò ń sá fún ikun láti ọjọ́ yìí!

Ó wá nawọ́ sí abọ́ náà. “Màmá, inú omi ọmú yìí ni púrótíìnì yẹn pọ̀ sí jù. Gbogbo àrùn tí ìyàwó yín ti bá jà rí, púrótíìnì tí ara rẹ̀ fi jà ló ń kó fún ọmọ yìí. Ọmọ ò tíì ní tiẹ̀ tó.”

Màmá wo abọ́, wọ́n wo ọmọ. Ohùn wọn rẹlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ méje làwọn bí, márùn-ún ló wà láyé, gbogbo wọn làwọn sì da tiwọn nù. Wọ́n bi nọ́ọ̀sì bóyá àwọn ló fà á. Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè wojú wọn. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá wọn kọ́ wọn ni wọ́n ṣe.

Màmá gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ sí ọmú mi, wọ́n fàtẹ́lẹwọ́ gbé orí ẹ̀ ró. Ọmọ náà wá a títí, ó sì rí i mú.

“Mu ún, ìyá mi,” ni Màmá wí. “Tìẹ ni.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí mo kọ́ ni pé ọ̀wọ̀ ò ní kéèyàn dákẹ́. Èèyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sọ òótọ́, nọ́ọ̀sì yẹn ló fi hàn mí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́yin mu tiyín, àbí wọ́n dà á nù? Ẹ fara balẹ̀ bi àwọn màmá yín, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fún wa níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dá wọn lẹ́bi.