Okùn Ìwọ̀ Etí Odò Ògùn

Òórùn òrí àti ti ẹja tútù ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ìgbà tí mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí odò Ògùn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé tí òfì ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì ti gbà pé kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó mọ aṣọ wun tó mi ní gbogbo ìlú. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o, èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Lọ́jọ́ kan ni ìyá mi pè mí, ó ní ìwọ̀ ti gún ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́, ọwọ́ náà ti wú, kò lè tún okùn rẹ̀ ṣe mọ́. Ó ní kí n lọ bá a ṣe é, pé bí ọwọ́ bá ti jinná kí n máa bọ̀ nílé. Mo fi àbúrò mi ọkùnrin sídìí òfì mi, mo sì lọ.

Òdìkejì odò ni abúlé àwọn apẹja náà wà. Bàbá, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi kọjá. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú pinpin, mo sì dijú, nítorí n kò mọ omi wẹ̀. Kí ni awunṣọ ń wá nínú omi? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àṣà wọn níbẹ̀ ni kí ẹni tó gbé àlejò wọlé gbé e jáde. Bí apẹja mìíràn bá gbé e kọjá láìgbàṣẹ, ìjà dé nìyẹn.

Okùn gígùn méjì ni Bàbá máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Yóò ki ẹja wẹ́wẹ́ bọ ìwọ̀ tó wà lẹ́nu wọn, yóò sì máa wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́, kí okùn máa wọ́ tẹ̀lé e títí ẹja ńlá yóò fi gbé ìwọ̀ mì. Iṣẹ́ tèmi ni kí okùn má já. Bí a bá ti dé láti odò, n ó sá a sóòrùn, n ó fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń tú, n ó gé e kúrò, n ó ran òwú tuntun, n ó lọ́ ọ pọ̀ kó le dáadáa, n ó sì fi òrí pa á kí omi má baà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni n ó pọ́n ìwọ̀ lórí òkúta títí ìpẹtà yóò fi kúrò. Kò pẹ́ tí àwọn apẹja yòókù fi ń wá wo okùn mi, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ọwọ́ Bàbá san. Mo ní kó gbé mi kọjá, ó ní okùn ti ń tú, kí n tún un ṣe ná. Mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó tún ń tú, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo lọ́ ọ, mo sì mọ bí mo ṣe lọ́ ọ tó. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ ọkọ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń rí èéfín oko lọ́hùn-ún lápá ilé wa, Bàbá kò sì jẹ́ kí imú ọkọ̀ kan èbúté yẹn lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi yá lọ́wọ́ púpọ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá pẹ́ jù, òun ni wọn yóò fún ní òfì náà pátápátá. Nígbà mìíràn n ó kọjú sí igi, n ó sunkún, n ó ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tètè dé láti ibi tí mo ti lọ ṣẹ́gi, mo sì bá Bàbá lẹ́yìn ilé. Ó na okùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa sórí òkúta, ó ń fà á síwá sẹ́yìn kó lè tú.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?” Mo da igi sílẹ̀. “Ṣé ẹlẹ́wọ̀n yín ni mí ni?”

“Jókòó.”

“N ò jókòó!”

Kò bínú. Ó ká okùn náà sórí itan. “Ìyá ẹ ló bẹ̀ mí. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ru ẹrù ogun àwọn òyìnbó ní Kamẹrúùnù. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò yọ ẹnìkan, ìwọ lọ́jọ́ orí ẹ sì tó o nílé yín. Ó ní bí n bá sọ fún ọ, o ó yarí, o ó ní o kì í ṣe ojo. Ó ní kí n ṣáà máa wá iṣẹ́ fún ọ.”

“Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?”

“Wọ́n ti lọ. Àná ni mo gbọ́. Mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúpẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé mi kọjá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

Aṣọ tí àbúrò mi ń wun lọ́wọ́ ṣì wà lórí òfì mi, eruku ti bò ó. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò dìde láti kí mi.

“Ìyá, àbúrò mi ńkọ́?”

“Wọ́n ní ilé wa gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan wá,” ni ó wí. “Mo rò pé wọ́n á ní ó kéré.”

Kò padà wá. Títí ìyá mi fi kú, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un.

Mo ti darúgbó báyìí, mo sì fẹ́ràn ìyá mi, mo fẹ́ràn Bàbá pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi, mo mọ̀ ọ́n ní oore, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí dòní. Àwọn ọmọ mi a máa sọ pé orí ló yọ mí lọ́dún náà. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń dárúkọ àbúrò mi fún wọn.