Àwòrán Àjàní Lára Ògiri Onígbàjámọ̀

Sálíù Àjàní Òpó, ọmọ Òpómúléró, apín-bọ́ọ̀lù-bí-ẹni-ń-pín-sààrà, ọkọ mi. Òórùn sípírítì àti pọ́dà tó máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù Lásísì onígbàjámọ̀ ní àdúgbò Gàmbàrí ni imú mi fi ń rántí rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí náà mọ ayé ìgbà yẹn, kí fóònù alágbèéká tó dé. Lára ògiri Lásísì ni wọ́n ti ń to àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú ní ipò. Àwòrán ẹni tí àdúgbò fẹ́ràn jù máa ń wà lókè dígí, àwọn yòókù á tò tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, Lásísì á pe orúkọ wọn, èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ipò ṣe máa rí. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde síta, kí ojú má baà tì í.

Délé, ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé àdúgbò Adéwọlé, ló máa ń wà lókè dígí, torí òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Àárín pápá ni ọkọ tèmi ti ń pín bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ipò kẹta ló wà. Àmọ́ lẹ́yìn tí orúnkún mú un fẹ̀yìn tì, ńṣe ló ń sún wálẹ̀ títí tó fi bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ gẹ irun tí kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Bàbá Ràfíátù, kí ni Lásísì ń gẹ̀ lórí yín?" Ó ní, "Ojú ibi tí irun gbà lọ ni."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán agbábọ́ọ̀lù tuntun kan kọ́, ògiri sì ti kún. Ẹni tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n máa yọ. Ọkọ mi ò jẹun àárọ̀. Ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà, lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tó kàn án, ó jáde wá dúró tì mí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Lásísì pe orúkọ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ méjì mẹ́ta dún, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ọkọ mi tẹ orí ba, ó ń fi bàtà tú yẹ̀pẹ̀. Àfi bí ẹnìkan ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, òun nìkan, kò sì dáwọ́ dúró. Délé ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, bọ́ọ̀lù tí mò ń gbá sáwọ̀n, ṣé ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ ni?" Ẹnìkan ní, "Délé, rọra o, ọwọ́ ẹ á bó." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Wọn ò gbé e sókè o. Gólì àtijọ́ kan tó ti kó lọ sí Jọ́ọ̀sì ni wọ́n yọ. Lásísì yọjú síta, ó ní, "Àjàní, ìwọ lo ṣì gbẹ̀yìn." Ọkọ mi ní, "Alhamdulilai. Mo ṣáà wà ńbẹ̀." Ó yíjú sí mi, ó ní ebi ń pa òun.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó wà lókè nìkan làwọn èèyàn fẹ́ràn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnìkan péré tí kò jẹ́ gbàgbé ohun tí o ṣe fún un ti tó. Etí ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi gbọ́ ọ, ojú ayé rẹ̀ ló ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Délé. Ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni a sin ọkọ mi.