Iwájú Ilé Màmá Mi Ni Wọ́n Gbé Tiransifọ́mà Sí

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú wa rí lọ́wọ́ tiransifọ́mà ní Ìdímù.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Iná àdúgbò wa ò lágbára rárá, gílóòbù á kàn pọ́n bí ẹyin iná. Ẹgbẹ́ onílé bá pinnu láti dáwó ra tiransifọ́mà tiwa. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe, iye tí wọ́n máa rà á ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ta ló béèrè ohun tó máa ná wa lẹ́yìn tó bá dé? Kò sẹ́nì kankan!

Màmá mi, opó tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ló yọ̀ǹda iwájú ilé wa. Ibẹ̀ ni màmá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Alága ẹgbẹ́ ní kí màmá má ṣèyọnu, pé àyè kékeré ló máa gbà, kò sì ní pariwo. Gbogbo àdúgbò ṣàdúrà fún màmá. Àdúrà ọ̀hún ò pẹ́ tán nílẹ̀ o!

Ẹ̀rọ náà ń kùn tọ̀sán-tòru. Ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú kó jáde, èyí tó rọ́pò ẹ̀ náà ò pẹ́. Tí fíúùsì bá jó, ilẹ̀kùn wa ni wọ́n ń kàn. Ta ló ń ro koríko ìdí ẹ̀? Èmi ni jàre. Kò pẹ́ táwọn àdúgbò tí ò dáwó náà so wáyà wọn mọ́ ọn, ẹrù pọ̀jù fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jo epo.

Epo yẹn ló dun màmá jù. Aládùúrà ni wọ́n, ní ìjọ tiwọn, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà. Tí wọ́n bá gba iwájú ilé kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á dúdú, etí aṣọ á gbà nínú ẹ̀. Bí màmá ṣe di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, nínú ilé ara wọn! Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ kan, tiransifọ́mà dún gbàmù, ó kú. Wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ wa. Alága ní èyí tó tóbi jù ú lọ la máa rà, pé kí màmá ṣáà fàyè kún àyè. Màmá ní iwájú ilé alága fẹ̀ ju tiwa lọ, ṣé wọn ò kúkú ní gbé e síbẹ̀?

Alága ò tiẹ̀ rò ó. “Háà, Màmá! Níbo ni mo ti fẹ́ rí oorun sùn?”

Màmá ò bínú. “Ẹ ṣé, Alága. Ẹ ti dáhùn.”

Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ tó béèrè ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ àtẹni tó máa fara gbá ariwo ẹ̀. Wọ́n wá ilẹ̀ kékeré kan ní oríta fún tuntun, gbogbo ilé sì ń dáwó sí ìtọ́jú ẹ̀.

Wọ́n gbé ti àtijọ́ kúrò, a kó yẹ̀pẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú dànù, a da tuntun sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, màmá wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n sì gba iwájú ilé jáde láìwọ bàtà.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan àjọni, ẹ má wo owó ọjà nìkan. Ẹ béèrè ẹni tó máa bá a gbé. Tiransifọ́mà àdúgbò tiyín ńkọ́? Iwájú ilé ta ló wà, ṣé ẹ tiẹ̀ ti kí onítọ̀hún rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa.