Mo Yí Inú Rẹ̀ Síta

Ọ́fíìsì kan ní Màrínà ni mo ti ń fi ọwọ́ kọ ojú ìwé ilé iṣẹ́ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Mo wá rí irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tó máa mú iṣẹ́ yá. Àwọn àjèjì ló kọ ọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá mi ní, "Bó bá dà wá láàmú, ta la máa pè? Fún mi lésì ní Mọ́ńdè."

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo rìn dé Ẹnu Ọ̀wá, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń rán agbádá, mo rò ó fún wọn.

"Jókòó jàre, o ń tẹ òwú mi mọ́lẹ̀! Ṣé àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ kí èèyàn rí inú rẹ̀?"

"Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló wà ní gbangba, sà."

"O ò wá yí i síta wo rírán rẹ̀? Ìwọ náà ọmọ télọ̀!"

Ojú tì mí. Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo fi ka inú rẹ̀. Mo rí ibi tó já, mo sì tún un rán.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá tún bi mí léèrè ẹni tí a máa pè.

"Èmi ni, sà."

Ó gbà kí a lò ó. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.